Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì àti Ìdánwò Àlàní

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí àníyàn fi ara rẹ̀ ṣe ilé, ẹ̀ bá wá wo Fúnlọ́lá Awóníyì láyé ìgbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìtànná, lẹ́yìn Òkè-Ogbó, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Yóò ti ilẹ̀kùn, yóò rìn dé ìta, yóò tún padà wá fọwọ́ ti ilẹ̀kùn náà wò. Yóò ní òun fẹ́ sáré lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná nílé, bẹ́ẹ̀ àná ló ti se ọbẹ̀ ọ̀hún. Èmi tí mo ń tọ́jú ìwé ní láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, n kò ní sùúrù fún irú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ìyá Bùnmi, ẹ jẹ́ kí ayé sinmi díẹ̀." Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Àdùkẹ́, bí mo bá sinmi, ta ni yóò bá mi ṣe àníyàn yẹn?"

Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láíbìrì wa, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Òun ló bẹ àwọn ọ̀gá títí wọ́n fi kó àga náà kúrò, tó sọ ibẹ̀ di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú wọn kò ríran àti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dáadáa. Níbẹ̀ ló ti máa ń ka ìwé sínú kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí kò ríran. Bí àkùkọ bá kọ lẹ́yìn fèrèsé, yóò dá ẹ̀rọ dúró, yóò yí i padà, yóò tún ojú ìwé yẹn kà látòkè. Mo ní kí ló kan àkùkọ nínú ẹ̀kọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa gbọ́ àkùkọ níbi tó yẹ kó ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì.

Kò fi mọ sí kíkà nìkan. Ó ń kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. "Má gbé orí ìwé mì lódindi," ni yóò máa wí. "Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí o pa ẹ̀rọ, kí o wá sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé n kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí." Kí ẹni tí kò ríran tó fọwọ́ kan táípúráítà láti dáhùn ìbéèrè, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to èrò rẹ̀ sórí bébà líle, kó fi irin ṣóńṣó gún un ní àmì kéékèèké tí ìka ń kà. Ìyábọ̀dé tó ń fi igi méjì rìn kò nílò kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n torí tirẹ̀ ni Ìyá Bùnmi ṣe lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà àwọn ọ̀gá títí wọ́n fi gbé kíláàsì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Nínú gbogbo wọn, Àlàní Ọ̀ṣuntọ́lá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kó rí oorun sùn. Ọmọ Ẹdúnàbọ̀n ni, bàbá rẹ̀ ń dá oko kòkó. Àìsàn kan ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ọkùnrin gíga ni, kì í pariwo, a máa dáhùn ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rò ó kí o tó bi í. Ó ti fìdí rẹmi lọ́dún tó ṣáájú nínú ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọdé ṣe ń mọ nǹkan. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé o. Ìwé tó yẹ kó kà kò tètè dé láti Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa dé, ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá Bùnmi kò sì rí i kà tán sínú kásẹ́ẹ̀tì. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa le. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀kọ́ kan náà, kó máa lọ sílé. Nítorí náà, lọ́dún 1985 tí mò ń sọ yìí, ìdánwò kan ṣoṣo ló dúró láàárín kí Àlàní di olùkọ́ àti kó padà lọ jókòó sí iwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n.

Ayé ológun la wà nígbà náà. Wọ́n ní kí a máa tò sórí ìlà ká tó wọ mọ́tò, a ń tò. Wọ́n tún ti ṣe òfin pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbi màgòmágó ìdánwò, ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ni. Ẹ̀rù wá ba àwọn olùkọ́ wa débi pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sín nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n á wò ó bóyá ó ń fi sísín náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan ni. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá sì ti ń sọ ọ́ pé yàrá Ìyá Bùnmi ń gba àyè, pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú wọn. Ó gbọ́. Látìgbà yẹn ló ti ń rìn ní kọ́rọ̀kọ́rọ̀ nínú ọgbà, tó ń kí gbogbo ènìyàn jù bó ṣe yẹ lọ.

Ó wá dábàá pé kí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Ìlàré ṣe ìsìn àdúrà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánwò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Àlàní yóò ṣe tirẹ̀ gan-an ni wọ́n fi í sí. Ta ni yóò tẹ ìwé ètò ìsìn? Òun náà ni. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó jókòó sídìí táípúráítà tó dára jù lọ nínú yàrá wọn, èyí tí Àlàní fi ń ṣe ìdánwò, ó sì gé sítẹ́ńsùlù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá a láyé. Bébà tí wọ́n fi ìda pa ni sítẹ́ńsùlù. Lẹ́tà onírin táípúráítà ló ń gé e, ẹ ó wá gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń yí, yóò máa tẹ ẹ̀dà jáde bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ tó. Ṣùgbọ́n íǹkì kò gbọdọ̀ kàn án nígbà tí ẹ bá ń gé e. Torí bẹ́ẹ̀, irin kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ táípúráítà. Bí ẹ bá tì í síbi dúdú, ríbọ́ọ̀nù á máa gbéra, ohun tí ẹ tẹ̀ á hàn. Bí ẹ bá tì í síbi funfun, ríbọ́ọ̀nù á jókòó jẹ́jẹ́, lẹ́tà á máa lu bébà lásán láìsí íǹkì. Ibi funfun ni a ń tì í sí láti gé sítẹ́ńsùlù. Ẹni tó bá gé e tán ni yóò dá a padà.

Mo dé bá a níbi tó ti ń ká sítẹ́ńsùlù náà tìṣọ́ratìṣọ́ra sínú àpò. Àlàní ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń fi àtàńpàkò pa ìka yòókù. Ìyá Bùnmi gbé táípúráítà, Àlàní di èjìká rẹ̀ mú, èmi gbé bébà, ó di yàrá ìdánwò.

Yàrá kótópó kan ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fún un, torí ariwo táípúráítà kì í jẹ́ kí àwọn yòókù ronú nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí ló ń ṣọ́ ibẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ máa ń gan bí ìwà rẹ̀. Ìyá Bùnmi a máa tẹ ìlà kan wò lórí ẹ̀rọ náà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lọ́jọ́ yìí, Oyèbánjí na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Madam, ibi tí ẹ lè dé nìyí."

"Ìlà kan péré ni mo fẹ́ tẹ̀ wò, sà."

"Kò sí nínú regulation. Kò gbọdọ̀ sí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá ìdánwò. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá kó èmi pẹ̀lú yín ni?"

Ká ní èmi ni, ǹ bá bá a fà á. Ìyá Bùnmi kò fà á. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́, ó sọ fún Àlàní pé, "Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ," a sì kúrò níbẹ̀. Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ n kò tíì lè sọ ohun tó fà á gan-an.

Láti ibẹ̀ a gba Ìlàré lọ, torí ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀rọ tí ń yí ìwé wà. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì gbé sítẹ́ńsùlù náà sórí ẹ̀rọ, ó ń yí i, ìwé ètò ìsìn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ìyá Bùnmi, ẹ gé èyí dáadáa o. Kò sí lẹ́tà kan tí kò yọ. Irú táípúráítà wo lẹ fi gé e?"

 Mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Bùnmi gbéra, tó ń ti nǹkan kan tí kò sí níbẹ̀, síwá, sẹ́yìn, bí ẹni ń wá irin kékeré náà lójú òfuurufú.

"Àdùkẹ́," ó ní, "n kò dá a padà."

"Ẹ kò dá kí ni padà?"

"Irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ó ṣì wà níbi funfun. Ọmọ yẹn ń tẹ̀wé lásán."

Ṣé ẹ rántí pé obìnrin tó ń padà lọ fọwọ́ ti ilẹ̀kùn wò ni? Mo fẹ́ sọ fún un pé ó kàn ń rò ó ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Ìyá Bùnmi bá ń ṣe àníyàn lásán, ó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Báyìí, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbàgbé àpò rẹ̀ sórí tábìlì.  Mo he àpò náà, mo sáré tẹ̀ lé e.

Ní ibùdókọ̀, ìlà gùn. Ìyá Bùnmi kọjá gbogbo ènìyàn, ó di ilẹ̀kùn takisí mú. Ọkùnrin kan tó so báàjì ìbáwí mọ́ àyà, irú àwọn tí ìjọba ológun yàn láti máa tò wá sórí ìlà, ló ké mọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ padà sẹ́yìn! Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Ẹ ṣàánú mi, ìdánwò ọmọ kan ni."

"Gbogbo wa la bímọ. Ẹ tò."

Ó padà sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ mi o, ó padà sẹ́yìn, ó tò! Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ìkánjú ka àwọn tó wà níwájú, takisí kan dé, ó lọ, òmíràn kò dé. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ní ká máa rìn. A ń rìn, a ń sáré, bàtà rẹ̀ já, ó bọ́ èkejì dání. Àwọn ènìyàn ń kí wa, a kò lè jẹ́. Ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè kìíní ló ṣì wà. Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè kìíní ló ṣì wà." Mo mọ̀ pé Àlàní kì í fi ìdánwò falẹ̀. Yóò ti kọjá ìbéèrè kìíní tipẹ́. N kò sọ ọ́ fún un.

Awakọ̀ kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n ló dúró fún wa. A gun ẹ̀yìn ọkọ̀, a jókòó sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dẹsẹ̀ ni Ìyá Bùnmi ń fọwọ́ lu orí ọkọ̀ pé kó máa lọ. Awakọ̀ náà yọ orí síta pé, "Ìyá, ẹ fẹ́ fọ́ mọ́tò mi ni?" Ó tọrọ gáfárà, ó tún lù ú.

Nígbà tí a dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, láti ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Àlàní ń tẹ̀wé. Ìyá Bùnmi fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Gbọ́ bó ṣe ń dún. Irin ń lu bébà lásán." Oyèbánjí wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí inú yàrá, torí ó ní ariwo náà ń fọ́ òun lórí. Ìwé ìròyìn ló ń kà.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bébà tó ti tẹ̀. Èmi ni mo gé sítẹ́ńsùlù lórí ẹ̀rọ náà láàárọ̀, n kò dá irin rẹ̀ padà. Kò sí íǹkì níbẹ̀."

Oyèbánjí wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò sí bàtà, ó wo èmi, ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó wọlé. Mo yọjú láti ojú fèrèsé onígíláàsì. Àlàní ti to bébà tó ti tẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dojú wọn bolẹ̀, ó fi òkúta kékeré tẹ̀ wọ́n kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé wọn. Oyèbánjí ṣí ti òkè. Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó dá wọn padà, ó sì jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Funfun ni," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ ni."

"Ẹ bá mi ti irin náà síbi dúdú, sà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún."

"N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun èlò akẹ́kọ̀ọ́. Kí n lọ pe Dókítà Àyànlọ́wọ̀." Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, tó ń darí ìdánwò.

"Ẹ sọ fún un kó dúró ná, kí Dókítà tó dé!"

"A kì í dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, Madam. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ó dà bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Mo rí i wàyí pé ọkùnrin yìí kò burú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

Ó ku àwa méjì. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Àlàní fa bébà kan yọ, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù, ó ki tuntun bọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ̀ fún. Ẹ̀rín yẹn ni Ìyá Bùnmi kò lè fara dà. Ó di irin fèrèsé mú lọ́wọ́ méjèèjì. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe, mo ní, "Ìyá Bùnmi, wọ́n á kó yín. Wọ́n á ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yín pa." Ó ní òun mọ̀. Ó sì lọgun.

"Àlàní! Dúró! Kò kọ nǹkan kan!"

 Ọwọ́ Àlàní dúró lójú òfuurufú. Orí tí mo rí tó yọjú láti gbọ̀ngàn ńlá kò lóǹkà. Àlàní rọra gbé bébà òkè, ó fi ìka pa á lójú, ó gbé e síwájú imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Kò sí òórùn íǹkì. Ó gbé e kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Dókítà Àyànlọ́wọ̀ dé pẹ̀lú Oyèbánjí, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ó bèèrè ẹni tó pariwo. Ìyá Bùnmi ní, "Èmi ni, sà. Èmi náà ni mo ba ẹ̀rọ jẹ́. Ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni." Dókítà wo àwọn bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀, ó dà á ní ẹ̀gbẹ́, ó ní òun rí ojú lẹ́tà ṣùgbọ́n òun kò lè kà á, kò sì sí ẹni tó ń máàkì ìdánwò tí yóò gbà láti kà á. Ó fúnra rẹ̀ ti irin náà síbi dúdú. Ó tẹ lẹ́tà kan, dúdú yọ. Ó wá fi ọwọ́ kan èjìká Àlàní.

"Ìgbà tó kù ni mo lè fún ọ. N kò lágbára láti fi kún un. Ṣé o lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?"

 Àlàní na ọwọ́, ó wá bébà líle tó fi irin gún ìlapa èrò rẹ̀ sí láàárọ̀. Ó rí i lábẹ́ àwọn yòókù. Ó fi ìka kà á látòkè dé ìsàlẹ̀. "Mo lè bẹ̀rẹ̀, sà," ó ní. 

Wọ́n lé wa jáde. A jókòó sórí gbòǹgbò igi fúrúùtù níta, níbi tí a ti ń gbọ́ ẹ̀rọ náà. Bó bá ń dún, Ìyá Bùnmi á mí. Bó bá dákẹ́, kò ní mí mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ mu omi, ó ní tí òun bá kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ náà á dúró. N kò bá a jiyàn. Lóòótọ́, èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí aago dún, Àlàní jáde, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri. Ìyá Bùnmi sáré pàdé rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, obìnrin tó lè bí i. Àlàní yí orí síbi tí mímí rẹ̀ ti ń wá.

"Mọ́mì? Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Dáríjì mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá apá rẹ̀ títí ó fi rí i, ó fà á dìde. "Mo dáhùn èyí tí mo lè dáhùn. Ìbéèrè ìkẹyìn, ìlapa rẹ̀ nìkan ni mo rí tẹ̀." Ó ṣì di apá rẹ̀ mú. "Mọ́mì, mo gbọ́ ọ."

"Kí lo gbọ́?"

"Ohùn ẹ̀rọ. Láti ìlà àkọ́kọ́ ló ti yàtọ̀. Ó ń dún le, kò dún bó ṣe máa ń dún. Ó ṣe mí bíi kí n pe sà pé kí wọ́n bá mi wò ó."

"Kí ló wá dé tí o kò pè wọ́n?"

Àlàní ń fi àtàńpàkò pa ìka. "Ẹ̀yin lẹ ní ká má máa yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ ní bí a bá ń bèèrè jù, wọ́n á ní ẹrù la jẹ́, wọ́n á ti yàrá wa."

Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Bí ẹni ń jíṣẹ́ ni. Ká ní ó bínú, ì bá sàn. Ìyá Bùnmi dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nírọ̀lẹ́, nígbà ìsìn àdúrà, ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, ìwé ètò ìsìn wà lórí itan rẹ̀, kò ṣí i.

Wọ́n pe Ìyá Bùnmi síwájú ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Dókítà Àyànlọ́wọ̀ gbèjà rẹ̀, ó ní ẹni tó sọ fún ènìyàn pé bébà rẹ̀ ṣófo kò tíì fún un ní ìdáhùn kankan. Wọ́n kìlọ̀ fún un gidi, wọ́n ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Àlàní yege, ó rá pálá yege ni, ó sì di olùkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìyẹn. Ìdánwò ìkẹyìn, ti ẹ̀kọ́ mìíràn, ṣì wà níwájú, Ìyá Bùnmi kò sì jẹun dáadáa láti ọjọ́ yẹn.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò ìkẹyìn náà, ó kó gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ sínú yàrá. 

"Ohun tí mo ń sọ fún yín tẹ́lẹ̀, mo gbà á padà. Ẹ máa bèèrè. Bí nǹkan kò bá yé yín, bí ẹ̀rọ bá dún bí kò ṣe yẹ, ẹ pe wọ́n. Bí wọ́n bá pòṣé, ẹ tún pe wọ́n."

"Bí wọ́n bá wá ti yàrá wa ńkọ́, Mọ́mì?" Ìyábọ̀dé ló bèèrè.

"N kò mọ̀," ó ní. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Oyèbánjí náà ló tún ṣọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tún na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé. A lọ jókòó síbi igi fúrúùtù. Ẹ̀rọ dún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìyá Bùnmi di ọwọ́ mi mú, ó ń dùn mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," a gbọ́ ohùn Àlàní. "Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó ń kọ?"

Àga Oyèbánjí han. "Ó ń kọ."

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, ó tún dákẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Oyèbánjí pòṣé, pòṣé tó gùn tó dé ọ̀dọ̀ wa níta. "Kí ló tún kù?"

Àlàní kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo wo Ìyá Bùnmi. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ dòdò, ó ń wo fèrèsé yẹn bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọjá títì, ètè rẹ̀ sì ń mì.

"Tún pè é," ó ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tún pè é, ọmọ mi. Tún pè é."